Ta Ni Yóò Dúró Ti Ọmọ Bí Ìyá Bá Lọ Ọjà?

Ìyá tó ń ta ẹlùbọ́ ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò lè dá jókòó, ìbéèrè kan ló máa ń bá jí: ta ló máa dúró ti ọmọ? Bí kò bá rí ẹnì kan, ọjà ló máa pa tì, bẹ́ẹ̀ owó ọjà yẹn náà ni owó ọkọ̀ ọsibítù. Àpò ìrẹsì tí àwọn èèyàn máa ń fi ta irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ lọ́dọọdún dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ ìtọ́jú ọmọ náà ni ìyá yìí nílò jù.

Fífún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ ló máa ń ba aládùúgbò tó fẹ́ dúró tì í lẹ́rù. Ọmọ tí atẹ́gùn kò tó ọpọlọ rẹ̀ nígbà ìbí, tàbí tí ibà pọ́njú ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ní ìkókó, ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀ lè má gbọ́ràn sí i lẹ́nu. (Kàfúrà tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ìkókó máa ń fa ibà pọ́njú yìí fún àwọn ọmọ kan. Ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀.) Bí wọ́n bá tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rọ ọ́ lẹ́kọ, ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì di òtútù àyà. Ńṣe ni kó jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí orí má ṣubú sẹ́yìn. Ẹ̀kọ á ki díẹ̀, ṣíbí á kéré, wọn á sì dúró kó gbé ti ẹnu rẹ̀ mì kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ kò kọjá ohun tí ìyá àgbà tàbí aládùúgbò lè kọ́. Kí ìyá mú ẹni náà dání lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì (àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara), yálà ní ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen, kí wọ́n jọ rí i bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ jókòó. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò náà lè kan àga rẹ̀, bó bá ti wọn ọmọ fúnra rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀.

Ti owó, àjọ dídá ti wà nílẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní irú ìpèníjà yìí lè yí padà ni ètò gbígbà: ẹni tí ọjọ́ ọsibítù ọmọ rẹ̀ bá súnmọ́ ni kó kọ́kọ́ kó o, kì í ṣe ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kàn.

Iléèwé ni òbí kan kò gbọdọ̀ dá nìkan kojú. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ìjìyà tó wà fún ẹni tó bá rú u ni ₦100,000 owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Bí ọ̀gá iléèwé bá ní kò sáyè, kí ẹgbẹ́ jọ padà lọ, kí wọ́n ní kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀.