Kí ló ń jẹ́ neutrino, ta ló sì sọ ọ́ lórúkọ?

Àbúrò mi tó ń ka físíìsì n'Ífẹ̀ wálé sí Iléṣà lópin ọ̀sẹ̀, ló bá ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ neutrino lórí fóònù. Màámi ní ṣé neutron náà lẹ ń pè bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o, Màámi, àmọ́ orúkọ ló kó wọn pọ̀.

Ẹ wo ẹni tó ń tajà l'Átakúnmọ́sà. Ó mọ iye ọjà tó kó jáde, ó mọ iye tó tà, àmọ́ tó bá kawó lálẹ́ kì í pé, iye tó ń dín ò sì dọ́gba, òní igba náírà, ọ̀la ẹgbẹ̀rún. Bó ṣe rí fáwọn onífíísíìsì nìyẹn. Àwọn átọ́mù kan (átọ́mù ni ẹyọ tíntín tí gbogbo nǹkan fi para pọ̀) máa ń fúnra wọn yí padà, wọ́n á wá ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, nǹkan tó tún kéré ju átọ́mù lọ, síta, àmọ́ tí wọ́n bá ṣírò agbára tó jáde, ó ń dín. Niels Bohr, àgbà ni láàárín wọn, òun tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá òfin tó ní agbára kì í sọnù ò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Wolfgang Pauli, ọ̀kan nínú wọn, ò gbà. Òṣómàáló pọ́ńbélé lọkùnrin yẹn, ó lóṣòó ti gbèsè yẹn ni.

Lọ́jọ́ 4 oṣù kejìlá 1930 ló kọ lẹ́tà láti Zürich sáwọn tó ń pàdé ní Tübingen ní Jámánì, òun ò lè lọ torí ó ní òde ijó kan (kì í ṣe pé mo ń pa á ní àlọ́ o). Ó ní nǹkan kékeré kan ló ń gbé agbára tó dín yẹn lọ, kò ní ṣáàjì iná kankan, ìyẹn lẹnìkan ò fi rí i mú. Neutron ló pè é. Nígbà tó di 1932, James Chadwick rí nǹkan míì tí ò ní ṣáàjì, tó wúwo dáadáa, ìyẹn ló wá gba orúkọ lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ní Róòmù, lọ́dọ̀ Enrico Fermi, Edoardo Amaldi fi ṣeré sọ pé neutrino ni kí wọ́n máa pe ti Pauli. Lédè Ítálì, neutrone ni wọ́n ń pe ti Chadwick, "one" ìparí ẹ̀ sì máa ń dún létí wọn bíi nǹkan ńlá, "ino" ló wà fún kékeré. Àwa náà ń ṣe é, ohùn la kàn fi ń ṣe tiwa: ròbòtò ni ńlá, róbótó ni kékeré. Fermi mú orúkọ yẹn lò, bí ẹ̀fẹ̀ ṣe di orúkọ nìyẹn.

Ọdún 1956 ni Clyde Cowan àti Frederick Reines tó rí i lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríákítọ̀ kan (ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ átọ́mù) ní South Carolina, l'Ámẹ́ríkà. Ọdún 26 lórí òṣòó! Ohun tó fà á ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan tó lè dá a dúró, bíi bílíọ̀nù 65 ló ń tinú oòrùn wá gba orí èékánná kan ṣoṣo kọjá ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, kódà lóru, torí inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà yọ.

Màámi wo èékánná wọn títí. Wọ́n ní kò kúkú dun àwọn.