Ẹ̀rọ Kì Í Kọ́ Ọmọ Fúnra Rẹ̀: Àlàyé Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ṣẹ́ Tíṣà

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti wọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lára, ó sì tún wọ àwọn òbí àti àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ lára jù wọ́n lọ: pé kíláàsì tí kọ̀ǹpútà bá ti dé, tàbí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti ní tablet lọ́wọ́, ìmọ̀ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni a máa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìpolówó wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, a máa gbé laptop àti projector dání, torí ó gbà pé máàkì wà nínú wọn. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, owó àti àkókò tí a kò ní ló sì ń gbà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ọmọ ń ṣe nígbà tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọ, olùkọ́ ló sì ń yan iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1913, Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tó máa ń hùmọ̀ ẹ̀rọ, sọ pé láìpẹ́ ìwé kò ní wúlò mọ́ nílé ẹ̀kọ́, pé sinimá ló máa gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ti mú kí ọmọ pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ju iye tíṣà tó gbaṣẹ́ lọ. Tẹlifíṣàn wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ ilé ẹ̀kọ́ kankan di èyí tí kò nílò tíṣà mọ́. Lọ́dún 1983, Richard Clark, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ẹ̀rọ ìkọ́ni yẹ̀ wò, ó sì fi wọ́n wé ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá sọ́jà: oúnjẹ inú ọkọ̀ ló ń fún ara lókun, kì í ṣe ọkọ̀.

Ẹ̀rí tó hàn gbangba jù lọ wá láti orílẹ̀-èdè Peru. Ìjọba ibẹ̀ kó àwọn laptop kéékèèké ti ètò One Laptop per Child lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábúlé. Àwọn olùwádìí yẹ ilé ẹ̀kọ́ 319 wò, wọ́n fi àwọn tó gba ẹ̀rọ wé àwọn tí kò gbà á, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2012. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, ìṣirò àwọn ọmọ kò yàtọ̀, èdè wọn kò yàtọ̀. Wọ́n mọ ẹ̀rọ náà lò dáadáa, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo inú àwọn ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ títẹ̀, géèmù, orin àti fídíò yíyà ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ìtọ́nà kan pàtó tó sọ fún tíṣà pé iṣẹ́ báyìí ni kó fi ẹ̀rọ ṣe bó bá dé orí ẹ̀kọ́ báyìí.

Ẹ má torí èyí sọ pé ẹ̀rọ kò ṣàǹfààní. Ní ìpínlẹ̀ Gujarat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ètò kọ̀ǹpútà kan náà so èso méjì tó tako ara wọn. Níbi tí wọ́n ti yọ àkókò tíṣà kúrò kí kọ̀ǹpútà lè gbà á, àwọn ọmọ kọ́ ohun tó kéré sí ti àwọn tí kò fojú rí kọ̀ǹpútà rárá. Níbi tí wọ́n ti fi í kún ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde, àwọn ọmọ gòkè, pàápàá àwọn tó ti ń rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀. Ní ìlú Vadodara, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ méjì ló ń pín kọ̀ǹpútà kan fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, wọ́n ń ṣe géèmù ìṣirò tó ń le sí i bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ìṣirò wọn gòkè gan-an. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ́dún 2024, Báńkì Àgbáyé fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dán ètò kan wò lẹ́yìn àkókò kíláàsì: àwọn ọmọ girama ń lo ẹ̀rọ AI tó ń fèsì ọ̀rọ̀ láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní méjì-méjì, tíṣà ń darí wọn, ó ń sọ ohun tí wọ́n máa bi ẹ̀rọ, ó sì ń mú wọn yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò. Àwọn tó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ, ẹni tí kò sì pa ìjókòó jẹ jàǹfààní jù.

Ẹ wo ohun tó so àwọn ibi tó yọrí sí rere pọ̀. Ẹ̀rọ kò lé tíṣà kúrò níbẹ̀. Ọmọ ń dáhùn, kì í ṣe wíwò lásán. Ó ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Iṣẹ́ náà sì bá ibi tí òye rẹ̀ dé mu. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yẹ̀, owó iná lásán ni ẹ ń san.

Ìdí tí ìgbàgbọ́ òdì yìí fi ń tan èèyàn jẹ ni pé bí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Àádọ́ta ọmọ tí wọn kì í gbé jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn á tẹjú mọ́ ògiri. Alábòójútó tó bá wọlé lásìkò yẹn á rò pé ẹ̀kọ́ ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe òye. Ẹ pa fídíò náà, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn méjì nípa ohun tó kọ́ láìwo ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ àti orin inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn á rántí. Fídíò tó lọ geere a máa jẹ́ kí ọmọ rò pé òun ti mọ nǹkan tó kàn ń dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan, ká tú u palẹ̀. Ìdá nínú ìṣirò ni, ní prámárì mẹ́rin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ọmọ á sọ pé 1/8 tóbi ju 1/4 lọ, torí mẹ́jọ ju mẹ́rin. Fídíò tó ń gé àkàrà òyìnbó sí wẹ́wẹ́ lè kọjá lórí àṣìṣe yìí láì fọwọ́ kàn án. Ohun tó máa hú u síta ni ìbéèrè tí ẹ dìídì fi àṣìṣe náà sínú rẹ̀: èwo ló tóbi jù nínú A 1/3, B 1/4, D 1/6, E 1/8? Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní páálí mẹ́rin tí ẹ kọ A, B, D àti E sí gàdàgbà. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan láti rò ó láìsọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn wá gbé páálí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lè wo ọwọ́ ẹlòmíì. Bí E bá pọ̀ lókè, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́yìn náà ni ìpinnu. Eric Mazur, tó ń kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ti ń lo ọ̀nà yìí láti 1991, ìwọ̀n tí àwọn tó ń tẹ̀lé e ń lò sì rọrùn láti rántí. Bí àwọn tó gbà á kò bá tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún un kọ́ ní ọ̀nà míì. Bí wọ́n bá wà láàárín 30 sí 70, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yíjú sí ẹni tí ìdáhùn tirẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta jiyàn lé e, kí wọ́n wá gbé páálí lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ní fóònù kan ṣoṣo, áàpù kan tó ń jẹ́ Plickers lè ka ìdáhùn gbogbo kíláàsì fún yín: ọmọ kọ̀ọ̀kan á di bébà tó ní àwòrán tirẹ̀ mú, apá tó kọjú sókè ni ìdáhùn rẹ̀, kámẹ́rà fóònù tíṣà á sì kà á, á tún sọ orúkọ ẹni tó kùnà. Fóònù kan, láìsí tablet lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ẹ má fi láminéètì dán bébà náà, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lára rẹ̀ kò ní jẹ́ kí kámẹ́rà rí i.

Bó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ lò, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kó sì jẹ́ ohun tí ojú lásán kò lè rí nínú kíláàsì: ọkàn tó ń fa ẹ̀jẹ̀, irúgbìn tó ń hù fún ọ̀sẹ̀ méjì, òṣùpá tó ń yí ayé po. Ẹ kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ dá a dúró ní bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wà á sórí fóònù láti ilé; ní ìwọ̀n àwòrán 360p, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin kì í sábà ju 30 MB lọ, ojú ògiri kíláàsì kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀. Ohùn inú rẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ará Amẹ́ríkà tó ń yára ni, ọmọ prámárì mẹ́rin ní Ìsẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ẹ pa ohùn náà, kẹ́ ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé. Ètò tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀rọ tí kò sọ èdè ọmọ nílò olùkọ́ tó ń sọ ọ́.

Yàrá kọ̀ǹpútà ní wàhálà tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá bá wà fún 40 ọmọ, tí gbogbo wọn sì rọ́ wọlé, mẹ́rin á dúró ti ẹ̀rọ kan, ẹni tó lágbára jù á gba mouse, mẹ́ta yòókù á máa ṣeré. Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Ogún ọmọ á lo kọ̀ǹpútà ní méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 15, ogún yòókù á ṣe iṣẹ́ kan náà sínú ìwé, kí wọ́n wá pààrọ̀. Láàárín àwọn méjì yẹn, ẹ ṣe òfin kan: ẹni tó di mouse mú kò gbọ́dọ̀ pinnu ìdáhùn, ẹnì kejì ló máa sọ ọ́ àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ àyè lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún. Òfin kékeré yìí nìkan ló ń mú kí ọmọ tó ń tijú lanu sọ̀rọ̀.

Ti iná ńkọ́? Projector tó ń jẹ 250 watt àti laptop tó ń jẹ 50 jẹ́ 300 watt. Bátìrì inverter 12 volt, 100 Ah, ní 1,200 watt-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n bátìrì olómi-asíìdì kò fẹ́ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ nǹkan bí ìdámẹ́wàá nínú ohun tó kù. Ẹ ní bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, ìyẹn píríọ́ọ̀dù méjì. Projector oníbọ́ọ̀bù kò fẹ́ kí iná já lójijì, nítorí fáànù tó ń tù ú lára á dúró nígbà tí bọ́ọ̀bù ṣì gbóná, ẹ̀mí bọ́ọ̀bù á sì kúrú. Ẹ jẹ́ kó wà lórí inverter kódà nígbà tí iná NEPA bá wà. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ANSI lumens, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè, kó tó 3,000, torí àwọn kékeré tó ń pariwo nọ́ńbà ńlá lára páálí kì í hàn nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́tà ara ògiri sì gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún mítà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ògiri àti àga tó kẹ́yìn.

Ẹ̀ka ìgbàgbọ́ òdì yìí kan tún wà tó ń pa ọmọ lára: pé ọmọ òde òní ti mọ ẹ̀rọ láti ilé, kò sídìí láti kọ́ ọ. Fífi ìka fa ojú fóònù sókè-sódò yàtọ̀ sí títẹ kíbọ́ọ̀dù. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, JAMB fúnra rẹ̀ sì rí i pé mouse ń dààmú ọ̀pọ̀ ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣètò bọ́tìnnì mẹ́jọ péré: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi í ránṣẹ́, R láti padà bí èèyàn bá ṣèèṣì tẹ S. Ẹ kọ́ wọn ní mẹ́jọ yìí pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí kò tiẹ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà kankan; iṣẹ́ ìṣẹ́jú 20 ni.

Nínú lesson note, kẹ́ ẹ má kàn kọ “projector, laptop” sí abẹ́ ohun èlò ìkọ́ni kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ kọ ohun tí ọmọ máa fi wọ́n ṣe, ní ìṣẹ́jú wo, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí iná bá lọ lágbede-méjì. Àwòrán tó ṣe pàtàkì jù nínú fídíò, ẹ yà á sórí kádíbọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì wà nínú àpò yín.