Kíkápá wárápá: kí ni dókítà ń sọ gan-an?

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wárápá kò fi gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní, "A ti ń kápá rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ bí ẹni pé àìsàn náà ti lọ pátápátá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gbé oògùn tì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ fi ṣubú ní ilé ìwé, ó tún ṣubú nílé, a sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù lóru. N kò dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi rárá. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti la ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn yé e.

Kíkápá kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tí a kápá wárápá rẹ̀ ṣì ní in lára, àmọ́ wárápá kò ráyè gbé e ṣánlẹ̀ mọ́.

Iná fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣàdédé tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, ara á gan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa jà. Ẹlòmíràn kò ní ṣubú rárá. Yóò kàn tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, a ó pè é, kò ní dáhùn. Ìbímọ tó le, orí tó fara pa nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, ibà tó wọ ọpọlọ tàbí rọpárọsẹ̀ lè fà á. Nígbà mìíràn a kì í rí ìdí kankan. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni náà kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín.

Oògùn wárápá ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn fara balẹ̀, ìwọ̀nba ìgbà tó bá fi wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo àmù omi inú ilé. Tàgbà tèwe ló ń bu omi níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá ń pọn omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kò ní gbẹ. Bí a bá fo ọjọ́ méjì, igbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìsàlẹ̀ àmù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ṣe ń lo oògùn tán, yálà ara ẹni náà yá tàbí kò yá. Bí a bá sì dá oògùn dúró lójijì, wárápá lè padà wá tagbáratagbára, kó máa gbé èèyàn léraléra láìjẹ́ kó mí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 50 ló ní wárápá láyé, àti pé 70 nínú 100 wọn ni wárápá lè má gbé mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Phenobarbital, oògùn wárápá tí wọ́n ti ń lò láti 1912, kò wọ́n. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, dókítà àìsàn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣèwádìí ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1987, èèyàn márùn-ún ó lé díẹ̀ nínú 1,000 ló ní in. Wọ́n wà láàárín wa, a kàn ń fi wọ́n pamọ́ ni.

Oorun ni ohun tí a máa ń gbójú fò jù. Àìsùn ń ta wárápá jí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí òbí tó ń mú ọmọ lọ sí ìṣọ́ òru lálaalẹ́ nítorí wárápá yìí kan náà. Ẹ gbàdúrà o, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ ojú ọ̀sán, kí ọmọ sì sùn lóru. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́, torí sààrì máa yí aago oorun àti oògùn padà. Ọtí àti tramadol, oògùn ìrora, náà ń jí i. Obìnrin tó ń lo sodium valproate, oògùn wárápá mìíràn, gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó lóyún, nítorí ó lè pa ọmọ inú lára. Kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Nílé, ẹ má ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pa mọ́ ọn. Kí ẹnì kan wà nítòsí bó bá ń dáná. Títí a ó fi kápá rẹ̀, kó má gun ọ̀pẹ, kó má gun ọ̀kadà, kó má dá wẹ̀ lódò.

Bó bá gbé e, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ fi aṣọ rọ̀ ọ́ lórí, ẹ wo aago. Kò sí ṣíbí lẹ́nu, kò sí ìtọ̀ màlúù, kò sí ẹsẹ̀ nínú iná. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá.

Ó sábà máa ń tó ọdún méjì láìsí wárápá kí dókítà tó ronú àtidín oògùn kù, díẹ̀díẹ̀ náà ni. Oṣù kẹrìnlá tí wárápá kò gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ìyá rẹ̀ ló ń fà á sínú ìwé kékeré kan, ilà kan fún ọjọ́ kan.