Iná ni oúnjẹ iyùn inú gíláàsì

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba, oníbàárà mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí pé kí n wá yẹ gíláàsì ẹja òkun tó wà ní pálọ̀ wọn wò. Mo bá àǹtí níbi tí wọ́n ti tẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n máa fi bá ẹgbẹ́ jáde sórí àga, iyùn pupa fòò. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́, ṣé iyùn ọrùn mi yìí náà ló ń kú lọ nínú omi yìí?"

Ìbátan ni wọ́n. Iyùn pupa gidi tí wọ́n ń hú nínú Òkun Mẹditaréníà, egungun ẹran omi ni. Ṣùgbọ́n inú ihò àpáta àti inú ibú, níbi tí òòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ló ń gbé. Ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń jẹ. Èyí tí à ń tò sínú gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun alààyè kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń se oúnjẹ bí ewé igi ṣe ń ṣe. Nínú ìkòkò wọn ni iyùn ti ń bu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń jẹ. Bí iná kò bá tó, ebi ló ń pa á, bó ti wù kí omi mọ́ tó.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá kàn bi mí pé iná wo ni kí òun rà. Èmi náà á bi í: irú iyùn wo lo fẹ́ sìn? Báwo ni gíláàsì ṣe jìn tó? Kí ló ń gbé ilé rẹ nígbà tí ìjọba bá mú iná wọn lọ?

PAR ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ara iyùn. Àwọn tí kò ní egungun, tí wọ́n ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omi, títí kan èyí tó dà bí olú, 50 sí 100 tó wọn. Elégungun tó lẹ́ran lára, bíi àwọn tí wọ́n ń pè ní hammer àti torch, ń fẹ́ nǹkan bí 80 sí 150. Acropora, ẹlẹ́ka bí ìwo àgbọ̀nrín tí gbogbo ènìyàn ń rí lórí fóònù tí ojú wọn ń wọ̀, 200 lọ sókè ni, òmíràn sì ń fẹ́ ju 300 lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi Acropora sílẹ̀ fún ọdún kan ná. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ ṣe ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iyùn kò mọ ẹni tó lówó.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn PAR wọ́n, ẹ má torí gíláàsì kan rà á. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ló yẹ kó ní in, kó kì í bọ omi, kó wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lójú yín. Bó bá ní ojú lòun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ dín owó rẹ̀ kù. Ojú wa kò mọ̀ ọ́n rárá. Iná búlúù máa ń dà bí ẹni pé ó ṣú lójú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iyùn ń lò jù. Omi òkun ló fà á: àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń gbé mì, tí a bá fi máa wọ omi dé mítà 10, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, búlúù nìkan ló ń rìn jìnnà. Láti inú búlúù yẹn ni iyùn ti kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Iná tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní búlúù tó pọ̀, láàárín 400 sí 480 nánómítà, kó sì ṣeé dín kù lọ́tọ̀ kúrò lára funfun rẹ̀. Gílóòbù pálọ̀ kò lè ṣe é. Iná ńlá tí wọ́n ń gbé sẹ́nu géètì kò lè ṣe é. Mo ti dán ti géètì wò nígbà tí mi ò tíì gbọ́n: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọbẹ̀dò bo gbogbo òkúta bíi ti àgbá omi òjò, iyùn sì pọ́n bí omi tíì.

Ẹ má sì ka wáàtì. Wáàtì ń sọ iye tí iná ń jẹ, kò sọ iye tó ń fún iyùn. LED kékeré kan kì í sábà tan dáadáa kọjá 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, nítorí náà gíláàsì ẹsẹ̀ bàtà 4 ń fẹ́ méjì. Ohun tó sì dé ìsàlẹ̀ lè má tó ìdajì ohun tó wà lókè.

Ti ooru ló kàn. Omi tí iyùn fẹ́ràn kò ju 25 tàbí 26 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Tó bá ti ń kọjá 29, wàhálà ti dé. Oṣù kejì àti ìkẹta ní Ìjẹ̀bú, nínú yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀, omi lè gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó tan iná rárá. Ìyẹn ni mi ò fi lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra iná metal halide àtijọ́ tí ń jó bí ààrò, bó ti wù kí wọ́n tà á lọ́pọ̀ tó. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè yọ ìwọ̀n bíi méjì tàbí mẹ́ta kúrò, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ ń dín kù. Omi tó bá gbẹ, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi fò lọ. Ẹ má ro ti ojú fèrèsé náà pé òòrùn ọ̀fẹ́ ni: ooru àti ọbẹ̀dò ló máa kó wá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò iná. LED 100 wáàtì fún wákàtí 9 jẹ́ 900 wáàtì-wákàtí. Pọ́ǹpù 20 wáàtì tí kò gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24 jẹ́ 480. Àpapọ̀ rẹ̀ 1,380. Bátìrì 200Ah oní 12 fóòtì ní 2,400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, ìdajì rẹ̀, ìyẹn 1,200, ni kí ẹ kà sí tiyín, torí ẹni tó ń fà á tán ló ń pa á. Ó ti jábọ́ nìyẹn, ẹ kò tíì tan fáànù kan. Nígbà tí kò bá sí iná, LED ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn ọjọ́ kan tàbí méjì kó má ṣe nǹkan kan. Bí omi bá dúró láìrìn fún wákàtí díẹ̀ péré, ẹja á máa mí gúlegúle lókè omi. Ẹni tó ní sólà, kó jẹ́ kí "ọjọ́" gíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 àárọ̀ kó parí ní aago 7 alẹ́, kí òòrùn ìta máa san owó ti inú ilé. Táímà yín kó jẹ́ èyí tó ní bátìrì nínú. Olówó pọ́ọ́kú tó ń yí bíríbírí máa ń dúró tí iná bá lọ, tó bá dé, á máa tàn ní òru.

Iná tuntun, ẹ má tan án dé òpin. Mo ti fi ìyẹn ba iyùn torch kan jẹ́ ní Ṣàgámù: mo ṣí LED tuntun dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí pé onílé fẹ́ kí àlejò rí i, nígbà tó máa di ọjọ́ kẹrin, torch wọn ti funfun bí ẹfun. Èmi ni mo san án. Ní báyìí, 30 tàbí 40 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Tó bá ń funfun, iná tàbí ooru ti pọ̀ jù. Tó bá ń pọ́n bí omi tíì, tàbí tó ń na ọrùn sókè, ìmọ́lẹ̀ kò tó ni.

Ìkọ́ tí ẹ máa fi gbé e kọ́, inú igi òrùlé ni kó wọ̀, kì í ṣe inú POP. Wáyà kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó padà gòkè, kí omi iyọ̀ tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ kó má wọ inú iná.

Ti àǹtí ńkọ́? Iyùn wọn pọ́n bí omi tíì. Mo wọn PAR ní ìsàlẹ̀, ó jẹ́ 85. Iná kò lẹ́bi. Mo jókòó, mo mu omi, mo ń ronú, ni ọmọ wọn ọkùnrin bá jáde láti inú yàrá, ó yọ púlọ́ọ̀gì iná gíláàsì, ó ki ti ṣájà fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì padà wọlé.