Ìpolówó ọjà lórí fóònù ní Nàìjíríà

Ìpolówó ọjà lórí fóònù ní Nàìjíríà ni gbogbo ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà fi ọjà rẹ̀ han aráyé, tí ó ń gbà dá oníbàárà lóhùn, tí ó sì ń gbà gbowó láti orí fóònù alágbèéká. Àtẹ̀jíṣẹ́, kóòdù USSD (irú èyí tó ní * àti # nínú), WhatsApp, Instagram, Facebook, TikTok àti ìkànnì ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kí wọ́n tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù ni wọ́n gbà wọlé, dátà tí wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Iye tí dátà ń jẹ ló ń pinnu irú ìpolówó tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, ju bí ìpolówó náà ṣe rẹwà tó lọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àti kóòdù

Ní oṣù Kìíní 2001 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ta ìwé-àṣẹ GSM (fóònù alágbèéká) ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí Globacom dé ní oṣù Kẹjọ 2003, tí ó ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, owó ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Síbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ló rọrùn fún ẹni tó fẹ́ bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì, olóṣèlú àti oníṣòwò fi ń rà á lọ́pọ̀ yanturu.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó kan Yorùbá gan-an. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, àlàfo kún un, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú ábídí GSM, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí wọ́n yàn fún àtẹ̀jíṣẹ́. Lẹ́tà kékeré à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ àti á kò sí. Bí ẹyọ kan péré nínú wọn bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí padà sí Unicode, ètò tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, àyè rẹ̀ á sì di 70, tàbí 67 fún apá kọ̀ọ̀kan bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà bí ẹ̀ tiẹ̀ ń gba àyè méjì. Ìkéde tó jẹ́ lẹ́tà 150, owó ẹyọ kan ni wọn ó san lórí rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì sí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó di mẹ́ta, ó kéré tán. Ìyà ńlá ni èyí fún ẹni tó fẹ́ fi èdè Yorùbá tó péye polówó ọjà, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ta àtẹ̀jíṣẹ́ wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tí ìpolówó tí ẹnikẹ́ni ò béèrè fún pọ̀ jù, NCC ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ya nọ́ńbà 2442 sọ́tọ̀ ní 2016. Ẹni tó bá fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀ ti kọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

USSD ní tirẹ̀ kò nílò dátà rárá, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré. Ó ṣe gudugudu méje débi pé *737# ti GTBank fúnra rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára pátákó ìpolówó.

WhatsApp àti àwọn ìsọ̀ orí ayélujára

Ọ̀pọ̀ ọjà tó wà lórí fóònù lónìí, inú WhatsApp ló wà. Facebook ra WhatsApp ní 2014, áàpù WhatsApp Business sì jáde ní oṣù Kìíní 2018. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn lè gbé ẹtù tàbí àlàárì síta nínú oòrùn òwúrọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa yí nínú fọ́tò, kí ó kọ iye rẹ̀ sí i, kí ó sì gbé e sórí status. Wákàtí 24 ni yóò fi wà níbẹ̀. Ẹni tí òun àti oníṣòwò náà kò bá fi nọ́ńbà ara wọn pamọ́ kò ní rí i, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tajà kì í fi í yé sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà mi pamọ́ o.” Àwọn kan ti kó nọ́ńbà jọ débi pé wọ́n ń ta àyè lórí status wọn fún àwọn ẹlòmíràn; WhatsApp TV ni wọ́n ń pè é.

Lórí Instagram, ọ̀pọ̀ ni kì í kọ iye ọjà sí i, wọ́n á kàn ní: “Ẹ wá sí DM,” ìyẹn inú àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò fàyè gba kí èèyàn pàtẹ ọjà láìfi iye rẹ̀ hàn.

Ìfọkàntán ni wàhálà tó jinlẹ̀ jù. Olùtajà kì í fẹ́ gbẹ́rù jáde kí owó tó wọlé, nítorí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Oníbàárà náà ti rí àwòrán ohun tí àwọn kan rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n gbé wá fún wọn. Jumia àti Konga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, gba kí èèyàn sanwó nígbà tí ọjà bá dé ilé. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìkànnì lè fi líǹkì gbowó. Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní 2020.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkànnì

Ní 2010 ni Ethan Marcotte ṣàlàyé bí ojú ìwé kan ṣe lè máa bá ìwọ̀n ojú fóònù mu fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2015, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkànnì tó bá fóònù mu síwájú bí èèyàn bá fi fóònù wá nǹkan. Konga àti Jumia lọ síwájú sí i: wọ́n kọ́ ìkànnì tó ń ṣe bí áàpù láìjẹ́ pé oníbàárà ń gba áàpù ńlá sórí fóònù rẹ̀, èyí tó ń dín dátà kù.

Òfin

Láti oṣù Kẹfà 2021 di oṣù Kìíní 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, ọjà àwọn tó gbójú lé e nìkan sì dákú. Òfin tó gbé àjọ ARCON, tó ń ṣàkóso ìpolówó, kalẹ̀ jáde ní 2022, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni sì tẹ̀ lé e ní 2023. Ní oṣù Keje 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, lórí bí ó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ lórí ìdíje òwò fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025.