Ta ló láṣẹ láti gba ajá lọ́wọ́ olówó rẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ẹ́ńgláǹdì pè wá ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ó ní ọlọ́pàá àti àwọn aláàánú ẹranko kan wá kó ajá méjì lọ nílé aládùúgbò òun, ìyá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn lójúde wa. Dókítà ẹran ni mí, torí náà èmi ni gbogbo wọn dojú ìbéèrè kọ.

Ìbéèrè: Ṣé ẹgbẹ́ lásán lè wọlé onílé kó mú ẹran rẹ̀ lọ?

Rárá, kì í ṣe ní Ẹ́ńgláǹdì. RSPCA, ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1824, ló lókìkí jù níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé aṣojú ìjọba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kò láṣẹ àti wọlé ẹnikẹ́ni ju èmi àti ìwọ lọ. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn ni òfin ọdún 2006 fún láṣẹ láti gba ẹran, bí dókítà ẹran bá jẹ́rìí pé ó ń jìyà tàbí pé yóò jìyà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí àyè láti dúró de dókítà, ọlọ́pàá lè gbé e ná. Ṣùgbọ́n níbo ni ọlọ́pàá fẹ́ kó ajá sí? Ẹgbẹ́ náà ló máa ń fà á lé lọ́wọ́. Ti Scotland yàtọ̀: òfin ibẹ̀ gba àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kan láyè fúnra wọn.

Ìbéèrè: Bí òfin bá wà, kí ló ń fa ìjà?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹran bá ti kúrò nílé ni. Ẹjọ́ lè gba oṣù mélòó kan, owó oúnjẹ àti oògùn sì ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ lè ní kí olówó ẹran san owó ìtọ́jú náà sílẹ̀. Bí kò bá rí i san, ẹran ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Tálákà nìyẹn ń pa lára. Mi ò lè gbà á rárá.

Ó tún kù. Ní Virginia lọ́dún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ PETA, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko, gbé ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Maya ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé olówó rẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ márùn-ún ni òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fi dúró. Ẹgbẹ́ náà ní àṣìṣe ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ bu 500 dọ́là ìtanràn lé wọn. Lọ́dún 2017 wọ́n san 49,000 dọ́là fún ìdílé náà kí ẹjọ́ lè parí. Ajá ò kúkú jí padà.

Ìbéèrè: Ṣé olówó ẹran kì í jẹ̀bi ni?

Ó ń jẹ̀bi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà tó ti wọ ẹran ọrùn ajá. Irú ajá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Kò sí ẹgbẹ́ tó láṣẹ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti àríwá la jogún, ó sì ka ìyà fífi jẹ ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀. Abala 495 nínú ti gúúsù sọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50 náírà, owó tí kò lè ra ẹyin kan lónìí. Ó dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n a ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn. Bí ewúrẹ́ bá wọ oko ẹ̀gẹ́, olóko lè mú un so. Yóò kéde pé òun mú ewúrẹ́, yóò fún un lómi àti ewé, yóò sì dúró títí olówó rẹ̀ yóò fi wá, kí wọ́n jọ lọ síwájú baálẹ̀. Bó bá pa á jẹ kí ẹjọ́ tó parí, òun náà ti jẹ̀bi. Ẹni tó mú ẹran kọ́ ló yẹ kó pinnu ikú tàbí títà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí òfin tiwọn náà sọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ni kí ìyá náà ṣe?

Kó béèrè ìwé tí dókítà ẹran kọ. Kó lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì, torí òfin gbà á láyè láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ajá rẹ̀ padà. Kó má sì kánjú fọwọ́ sí ìwé kankan: nígbà mìíràn, ìwé pé “mo yọ̀ǹda ẹran mi” ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn nígbà tí ẹkún ò jẹ́ kó ríran.

Ó ti fọwọ́ sí ti ajá kan kí n tó sọ̀rọ̀ yìí. Ìkejì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.