Kí ló dé tí orí róbọ́ọ̀tì fi máa ń dàrú tí oòrùn bá ràn?

Àwọn oníbàárà mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí máa ń bi mí pé, tí ọgbọ́n àtọwọ́dá bá ti gbọ́n tó báyìí, tó ń kọ lẹ́tà tó ń ya àwòrán, kí ló dé tí róbọ́ọ̀tì ò tíì lè gba àárín ọjà kọjá láì forí sọ nǹkan. Wọn ò rí i pé èyí tó ń kọ lẹ́tà yẹn, inú yàrá tútù ló jókòó sí, iná kì í lọ lórí ẹ̀, eruku ò kàn án. Róbọ́ọ̀tì ní tiẹ̀, ìta ló wà, bátìrì ló gbé dání, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe kí ọ̀kadà tó ń bọ̀ yẹn tó kàn án lára.

Ẹ wo èyí tí àwọn ọmọ kan ń tò lọ́dọ̀ mi báyìí. Táyà méjì, bátìrì kékeré, sẹ́ńsọ̀ infrared méjì lábẹ́ ẹ̀ (infrared ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí) tó ń wo téèpù dúdú tá a lẹ̀ mọ́ páálí funfun. Láàárọ̀ ó máa ń tọ téèpù yẹn bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Tó bá wá di ọ̀sán tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, wàhálà dé nìyẹn, á máa pòòyì lójú kan, torí infrared wà nínú oòrùn náà, tòun sì ti bo èyí tí sẹ́ńsọ̀ ń tàn jáde mọ́lẹ̀. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára ẹ̀ o. Ibi tó wà ló yí padà díẹ̀, kò sì mọ̀.

Àwọn ńlá ńlá náà ní àrùn yìí. Lọ́dún 2018 àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde, sítíkà dúdú àti funfun díẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àmì STOP ojú títì, kọ̀ǹpútà bá ní àmì tó ní kéèyàn má sáré ju 45 lọ lòun rí. Ọmọdé ò lè ṣerú ẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ káwọn onímọ̀ yíjú sí ọpọlọ, pàápàá nítorí iná. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ èèyàn tó bílíọ̀nù 86, ohun tí gbogbo ẹ̀ ń jẹ sì jẹ́ nǹkan bíi 20 watt, fáànù òkè àjà yín ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíìpù H100 ti Nvidia, irú èyí tí ọgbọ́n àtọwọ́dá fi ń ṣiṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, lè jẹ 700 watt. Èwo lẹ fẹ́ gbé sórí bátìrì nínú méjèèjì? 

Nǹkan méjì ló mú kí ọpọlọ yàtọ̀. Àkọ́kọ́, nínú kọ̀ǹpútà tá a mọ̀, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí yàtọ̀ síbi tó ti ń ṣírò, iná tó ń run lórí gbígbé síwá gbé sẹ́yìn máa ń ju ti ìṣirò gan-an lọ. Ojú kan náà ni ọpọlọ ti ń ṣe méjèèjì. Èkejì, ẹ fojú wo mẹ́gàádì tó ń wá kanlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti sọ pé kò sẹ́ni tó wá, bí kámẹ́rà tiwa ṣe ń ṣe nìyẹn, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á dákẹ́ títí ẹnì kan fi dé géètì, á wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan.

Carver Mead, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà, ló dá ọ̀nà ká máa ṣe ṣíìpù bíi ti ọpọlọ yìí sílẹ̀ láyé 1980 sí 1990. Lọ́dún 2014 ilé iṣẹ́ IBM gbé irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ TrueNorth jáde, sẹ́ẹ̀lì àtọwọ́dá mílíọ̀nù kan lórí ṣíìpù kan, tí kò jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá watt kan, Intel náà gbé tiwọn, Loihi, dé ní 2017 àti Loihi 2 ní 2021. Èyí tó wù mí jù ni kámẹ́rà tí ojúkò kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀ (pixel, àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ń dá sọ̀rọ̀, tó jẹ́ ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà lójú ẹ̀ nìkan ló ń fọhùn, nǹkan tó bá yára kọjá ò ṣú bàìbàì, ibi tó mọ́lẹ̀ gan-an àtibi tó ṣókùnkùn ó ń rí wọn pọ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín sha pé wọ́n ti yanjú ẹ̀ tán. Kíkọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọwọ́dá yìí níṣẹ́ le, torí ọ̀nà tá à ń gbà kọ́ èyí tá a mọ̀ ni pé ká máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, èyí sì rèé, ó kanlẹ̀kùn ni àbí kò kàn, kò sí díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn náà ṣeé tàn jẹ.

Torí ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta kámẹ́rà ọlọ́gbọ́n fún yín fún oko adìyẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wò ó nínú ọ́fíìsì ẹ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ẹ ní kó gbé e wá sọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ dán an wò lọ́sàn-án gangan, nírọ̀lẹ́, nígbà tí iná lọ tẹ́ ẹ sì tan jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tó ní eruku pa ojú ẹ̀. Tó bá ń sọ pé ewúrẹ́ ni adìyẹ, owó yín ṣì wà lápò yín.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tọ́mọ ti lè bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti ìṣirò dáadáa, kó wá lọ gbé ètò kan tó ń jẹ́ Brian2 sórí làpútọ̀ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni, òun ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láì ra ṣíìpù kankan.